Ọlọ́kọ̀ Tí Kò Mọ Ọkọ̀ Rẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Kejìlá. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ìbàdàn. A ti kọjá Ṣágámù, oòrùn sì ti ń wọ̀, nígbà tí iná pupa kékeré kan tàn níwájú mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń wo eré tí ọkọ̀ ń sá. Àwòrán ojú iná náà jọ kẹ́túlù tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo wò ó, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé n óò bi mẹkáníìkì mi léèrè lọ́jọ́ Ajé. Mo ń wa ọkọ̀ mi lọ.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó, kó, kó, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ọmọ odó lu irin. Kí n tó rí ibi yà sí, ẹ́ńjìnnì kú. Ibi tí a wà kò sí ilé, kò sí iná. Gbogbo ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ló mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ilẹ̀ ṣú bá ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó pẹ̀lú ọmọ. Wákàtí mẹ́ta ni a fi dúró kí ọkọ̀ tí yóò wọ́ wa tó dé. Láàárín àkókò náà, Kẹ́hìndé, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé: "Dádì, ṣé wọn ò ní wá jí wa gbé báyìí?" N kò rí èsì kankan fún un.

Lọ́jọ́ Ajé ni a mọ òdodo ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà ni mo gbé ọkọ̀ lọ fún sáfíìsì. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan, ọmọ bí ọdún mẹ́tàdínlógún, ló da ọ́ìlì àtijọ́ nù, tó sì rọ tuntun sí i. Ó dá bóòtì ìdí ẹ́ńjìnnì padà sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún un le. Àlọ àti àbọ̀ Èkó ló tú u díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì sì ń jò sójú títì títí tí kò fi ku nǹkan kan. Irin ń ha irin nínú ẹ́ńjìnnì, ó gbóná, ó sì há. Owó tí mo ti kó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì ni mo fi ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi bínú sí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí inú mi ṣe ń rọ̀, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sùn: iná pupa yẹn ńkọ́? Iná náà ni ẹ́ńjìnnì fi ń ké sí mi pé òun kò rí ọ́ìlì mọ́. Bí mo bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lójú ẹsẹ̀, tí mo sì pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣeé ṣe kí n má ná ju owó ọ́ìlì lítà mẹ́rin àti owó ẹni tó wá wọ́ ọkọ̀ lọ. Àìfún bóòtì le ló mú kí ọ́ìlì jò, ọmọ náà ló sì jẹ̀bi ìyẹn. Àìmọ̀kan tèmi ló pa ẹ́ńjìnnì.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń wa ọkọ̀ nígbà náà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo ti kọ̀wé nípa ìjàm̀bá ọkọ̀ ju iye tí mo lè kà lọ. "Bíréèkì ọkọ̀ náà ló já" ni a máa ń kọ, bí ẹni pé okùn ni bíréèkì, tó ń já nígbà tó bá wù ú. N kò bi awakọ̀ kankan rí pé ìgbà wo ló wo bíréèkì rẹ̀ kẹ́yìn. Báwo ni n óò ṣe bi í, nígbà tí èmi náà kò wo tèmi rí?

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò gùn. Gbogbo ẹni tó bá ní ọkọ̀ ló yẹ kó kọ́ bí a ṣe ń ṣe sáfíìsì kékeré fún un nínú ọgbà ilé rẹ̀, kódà bí kò bá tíì fọwọ́ kan sípánà rí. Ṣùgbọ́n èrè ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò.

Ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Ọba, owó iṣẹ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ onímọ́tò sábẹ́ ọkọ̀ wọn. Wákàtí kan tí mẹkáníìkì bá lò níbẹ̀ wọ́n gan-an, ẹni tó bá sì ṣe é fúnra rẹ̀ fi owó gidi pamọ́. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Owó ọjà ló ń pa wá ju owó iṣẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí kò tó náírà 200 sún mọ́ náírà 500, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ̀wọ́ owó náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ́ìlì, fílítà, táyà àti gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń lò tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí. Ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí kí ẹ lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, ẹ óò rí àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n dúró ti ọjà tí wọ́n ń ṣírò owó lọ́kàn.

Nígbà tí owó kò bá tó, ohun tí ẹ̀dá kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kó sún sáfíìsì síwájú. "Ọ́ìlì yìí ṣì máa lò tó oṣù kan sí i." Ewu àkọ́kọ́ nìyẹn. Ewu kejì ni ayédèrú. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo ike ọ́ìlì ló ń dán lórí àtẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan wà tí wọ́n ń sẹ́ ọ́ìlì tí a ti lò, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike tó jọ tuntun. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní sọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó sì lọ gbé e nírọ̀lẹ́, kò lè búra irú ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá wọ́n pààrọ̀ fílítà ni, tàbí wọ́n kàn fi àkísà nù ún kó lè máa dán.

Èyí gan-an ni èrè ṣíṣe sáfíìsì nílé ní ilẹ̀ wa. Owó iṣẹ́ tí mo fi pamọ́ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ́ìlì tí mo rà àti ọwọ́ tó ṣí ìdérí rẹ̀. Mo mọ ọwọ́ tó fún bóòtì le.

Báwo ni a ṣe di ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń wà káàkiri lójoojúmọ́? Ilé ẹ̀kọ́ gbìyànjú díẹ̀. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíríámà lẹ́yìn tí ètò 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ rántí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Introductory Technology. Mo ya àwòrán ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin: ó fa atẹ́gùn àti epo wọlé, ó fún wọn pọ̀, iná ràn wọ́n, ó sì lé èéfín jáde. Mo gba máàkì tó dára. Ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kankan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú àpótí ni àwọn irinṣẹ́ tí ìjọba kó wá wà títí tí wọ́n fi dógùn-ún.

Irú ọkọ̀ tí a ń rà náà dá kún un. Lẹ́yìn ọdún 1975, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, tí wọ́n sì ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra ọkọ̀ tuntun, ìwé ìlò rẹ̀ sì ń bá a wá. Lónìí, tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà. Ó ti la ọwọ́ ẹni méjì mẹ́ta kọjá kí ó tó dé èbúté Èkó tàbí ti Kútọnu, ìwé ìlò rẹ̀ sì ti sọnù lójú ọ̀nà. A ra ẹrù, a kò ra ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwíjàre yẹn kò múná mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló ti gbé ìwé ìlò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é lè rí i kà lórí fóònù. Ibẹ̀ ni èmi ti bẹ̀rẹ̀. Òru méjì ni mo fi kà á. Nígbà tí mo dé ojú ìwé tó ṣàlàyé àwọn iná, mo rí iná kẹ́túlù náà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí awakọ̀ yà síbi tí kò léwu lójú ẹsẹ̀, kí ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Mo ka gbólóhùn yẹn tó ìgbà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Sátidé àkọ́kọ́ ṣe rí, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ awo. Àwọn ohun tí mo kó sílẹ̀ kò pọ̀: sípánà 14, nítorí ìwọ̀n bóòtì ọkọ̀ tèmi nìyẹn, ọpọ́n tí kò jìn láti gba ọ́ìlì, àkísà, fílítà tuntun, ọ́ìlì lítà mẹ́rin, jáàkì, àti ẹsẹ̀ irin méjì tí a máa ń gbé ọkọ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ irin yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ohun yòókù lọ. Iṣẹ́ jáàkì ni kó gbé ọkọ̀ sókè, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti gbé e dúró lórí ènìyàn. Ó lè yọ̀, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Búlọ́ọ̀kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tì sábẹ́ ọkọ̀ burú jù ú lọ, nítorí kì í kìlọ̀ kí ó tó fọ́. Ẹni tí kò bá ní ẹsẹ̀ irin, kí ó má wọ abẹ́ ọkọ̀. Orí ilẹ̀ tó le, tó sì tẹ́jú, ni kí ọkọ̀ wà. Kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà tó wà nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì fi ọwọ́ mi ọkọ̀ náà wò dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì máa ṣàn, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ó gbóná débi tí yóò bó mi lọ́wọ́. Mo pa á, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú bóòtì, ọ́ìlì dúdú sì dà sínú ọpọ́n. Mo tú fílítà àtijọ́. Mo wò ó bóyá òrùka rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀ bá a jáde, nítorí bí ó bá lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí a sì de tuntun lé e lórí, ọ́ìlì yóò jò dájúdájú. Mo fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ pa rọ́bà fílítà tuntun lára, mo sì fi ọwọ́ lásán dè é le, láìlo sípánà.

Mo jáde lábẹ́ ọkọ̀ bí akọni. Mo ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Ìyàwó mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà, ló pariwo: "Bàbá Ìbejì, kí ló ń dà lábẹ́ mọ́tò yẹn?" Bóòtì náà wà lórí àkísà, níbi tí mo gbé e sí. Ó ti tó lítà kan ọ́ìlì olówó ńlá tó ti ṣàn gba ìdí ẹ́ńjìnnì jáde.

Mo jókòó sílẹ̀. N kò lè rẹ́rìn-ín. Bóòtì kan náà ni. Ọmọ tí mo ti ń bú lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá gbàgbé láti fún un le, ní ọjọ́ tí ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń pè é síbí, tó ń pè é sọ́hùn-ún. Èmi tí mo kàwé gboyè, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo wà níwájú mi pẹ̀lú odindi Sátidé, mo gbàgbé láti dá a padà rárá. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ọmọ náà ní sọ́ọ̀bù. Ó kọ́kọ́ rò pé ìjà ni mo bá wá. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi tán, ó wo ilẹ̀, ó ní: "Dádì, inú bàtà yín ni kẹ́ ẹ máa fi bóòtì yẹn sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde kẹ́ ẹ tó dá a padà, á gún yín lẹ́sẹ̀." Ó ní òun gan-an ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì mi ti kú. N kò tíì gba ìmọ̀ràn tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọkọ̀.

Àwọn ohun mìíràn wà tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà. Nọ́ńbà ara ike ọ́ìlì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá rí 5W-30 tàbí 20W-50, nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: bó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì náà yóò ṣe yára ṣàn tó. Èyí tó gbẹ̀yìn ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ́ìlì tó ki ló yẹ ilẹ̀ olóoru bí tiwa, wọ́n sì ń rọ 20W-50 sínú ọkọ̀ gbogbo. Ó bá àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan mu. Ṣùgbọ́n ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní tín-ín-rín, ọ́ìlì tó ki jù kì í sì í tètè dé ibi tó yẹ. Ohun tí ìwé ìlò bá wí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Òun náà ni yóò sọ iye kìlómítà tí ẹ óò rìn kí ẹ tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Kìlómítà 5,000 ni èmi kì í kọjá, nítorí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan.

Bí ẹ bá rọ ọ́ìlì tán, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ sì tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà. Kó má dín, kó má sì pọ̀ jù, nítorí àpọ̀jù náà ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ní ti ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó wà nínú ọpọ́n, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí ẹ ti ń pọn omi. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì yín. Àwọn káfíńtà máa ń wá a láti fi kun igi òrùlé nítorí ikán.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò gbà pé kí ènìyàn wọ abẹ́ ọkọ̀ rárá, ibẹ̀ sì ni mo gba ẹni tí ẹ̀rù ń bà nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku máa ń dí fílítà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ẹ ṣí àpótí rẹ̀, ẹ wò ó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti dúdú. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT lára táyà: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Kí ẹ wo èyí kí ẹ tó sanwó táyà tòkúnbọ̀ tó ń dán. Bí ẹ bá fẹ́ tú bátìrì, ẹsẹ̀ tó ní àmì ìyọkúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná láé. Omi inú rẹ̀ gbóná ju omi tó ń hó nínú ìkòkò lọ, ìdérí yẹn nìkan ló dì í mú. Bí ẹ bá ṣí i, yóò tú sí yín lójú.

Àwọn ibi kan sì wà tí èmi kì í dé. N kì í tú bíréèkì. N kì í fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí, gíà tàbí páìpù epo. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ibi tí ìmọ̀ mi pin sí ni iṣẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ń san owó rẹ̀ láìjanpata ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí mo ti mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí lára.

Àwọn kan yóò wí pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo sì rí i pé òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Ta ni àìmọ̀kan ọlọ́kọ̀ ń pa lára? Mẹkáníìkì olóòótọ́ ni. Ó ra ọ́ìlì gidi, ó pààrọ̀ fílítà, owó rẹ̀ sì wọ́n díẹ̀. Oníwàyó tó wà lódìkejì títì rọ ayédèrú, kò pààrọ̀ nǹkan kan, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Oníbàárà tí kò lè dá iṣẹ́ rere mọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ burúkú, owó nìkan ni yóò fi yan ẹni tí yóò bá ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni olóòótọ́ ṣe ń pàdánù oníbàárà, tí òun náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kí ni èrè òótọ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀: "Ẹni tó bá lè sọ nǹkan tó ń ṣe mọ́tò ẹ̀ ló ń jẹ́ kíṣẹ́ yá mi. Ẹni tó bá ní 'ó ṣáà ń dún' ló ń fọjọ́ mi ṣòfò."

Àwọn mìíràn yóò wí pé iṣẹ́ ìdọ̀tí ni. Nígbà àkọ́kọ́, aládùúgbò wa kan dúró lẹ́nu géètì, ó sì bi ìyàwó mi bóyá nǹkan ti le tó bẹ́ẹ̀ fún wa. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ìtìjú wo ló ju kí bàbá jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí iná kan tí kò mọ̀ kà? Àwọn obìnrin tó ní ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti sọ fún mi pé bí àwọn bá ti yọ sí sọ́ọ̀bù, iye owó ń yí padà. Obìnrin tó bá fa géèjì yọ lójú mẹkáníìkì, tó sì béèrè ìdí tí ọ́ìlì tí wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fi dúdú bẹ́ẹ̀, kò ní rọrùn láti yàn jẹ.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan ohun tó ń yà sínú ìwé. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú kan láti sọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó fún odindi kíláàsì. Kí àwọn tó ń ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ má fi mọ sí àmì ojú pópó nìkan. Kí wọ́n béèrè àwọn iná iwájú awakọ̀ náà. Kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì sọ ọ́ di òfin pé ọkọ̀ kan kò ní jáde láìjẹ́ pé àgbà fọwọ́ kan bóòtì tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ dè. Ọmọdé kọ́ ló yẹ kó dá ru ẹ̀mí ìdílé mẹ́rin lórí.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹ, Sátidé ń bọ̀. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fa géèjì yọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Nílé tiwa, Kẹ́hìndé ló gba iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí a tún fẹ́ lọ sí Èkó ní oṣù tó kọjá, òun ló nu géèjì náà, tó tì í padà, tó tún fà á yọ, tó sì gbé e sójú oòrùn kó lè rí i dáadáa. "Ó pé, Dádì," ló wí. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.